Fífọ Ẹnu Tàbí Fífọ Eyín? Ìtàn Orín ní Alédjo, Bassila àti Manigri

Láti Alédjo lórí òkè títí dé Manigri ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, bí ilẹ̀ bá mọ́, àgbà yóò bọ́jú, yóò sì fọnu kí ó tó bá ènìyàn sọ̀rọ̀ gidi. Ohun tí ó ń fọ̀, gẹ́gẹ́ bí èdè ti pè é, ẹnu ni. Eyín wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èrìgì, ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èdè Faransé ní tirẹ̀ ń wí pé se brosser les dents, eyín nìkan ni ó sì dárúkọ. Nígbà tí àwọn ìwé ìlera tí a fi Faransé kọ bá di ohun tí a ń túmọ̀ fún kíláàsì àwọn àgbà, "fífọ eyín" ni a sábà máa ń bá nínú wọn. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, ṣùgbọ́n kò kéré fún ìlera.

Orín ni irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé; pákò ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè é. A ń rún un ní ẹnu títí orí rẹ̀ yóò fi di bí ìgbálẹ̀, kí a tó fi pa eyín lára. Orúkọ igi ni a máa ń so mọ́ ọn: orín àtá, orín ìdí, orín ewúro. Nígbà mìíràn ibi tí igi náà ti wá ni a ń fi pè é, bí pákò Ìjẹ̀bú, igi inú ẹgàn. Orín àtá ni ó lókìkí jù láàárín àwọn onímọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa ta ẹnu, ẹnu a sì kú díẹ̀. Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ní Nàìjíríà, tí Sofowora wà lára wọn, tẹ ìwádìí jáde lórí agbára omi orín láti dojú kọ kòkòrò àrùn. Ní ọdún kan náà, Sofowora àti Isaacs fi hàn pé omi gbòǹgbò orín àtá lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti lọ́ po padà sí bí ó ti yẹ nínú ìgò ìwádìí. Drépanocytose ni àwọn oníṣègùn Benin ń pe àrùn náà. Igi tí a fi ń fọ ẹnu ni ó gbé wọn dé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀nà òwò ni ó gbé àwọn orúkọ mìíràn dé. Àwọn oníṣòwò obì tí ń gba Salaga àti Djougou lọ sí ilẹ̀ Haúsá jẹ́ Mùsùlùmí púpọ̀, ẹ̀sìn wọn sì ka fífọ ẹnu kí a tó kírun sí ohun rere. Asuwaki ni Haúsá ń pe orín. Láti inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti mú un. Dóńgóyárò ni ó pẹ́ dé jù: ní 1928 ni wọ́n gbin irúgbìn rẹ̀ tí wọ́n kó láti Gold Coast sí Bornu, ní Nàìjíríà. Haúsá ni orúkọ náà, "ọmọkùnrin gíga" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Lónìí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí igi àwọn baba ńlá wọn. Àlejò tí kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún ni.

Àdéhùn tí Faransé àti Jámánì ṣe ní 1897 pààlà láàárín Dahomey àti Togo, tí Alédjo fi wà ní ìhà méjèèjì. Ní ìhà Benin, èdè Faransé ti fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí ó yẹ kí olùtúmọ̀ ṣọ́ra fún: cure-dents. Ní Paris, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń yọ ẹran láàárín eyín lẹ́yìn oúnjẹ ni. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, orín gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pè. Bí ìwé kan bá kìlọ̀ pé cure-dents ń pa èrìgì lára, tí olùtúmọ̀ sì kọ "orín," ó ti sọ ohun rere di èèwọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó tún gba àròjinlẹ̀ ni "kòkòrò eyín." Àwọn ará Babiloni àtijọ́ pàápàá gbà pé kòkòrò ń gbé inú eyín jẹ ẹ́. Pierre Fauchard, oníṣègùn Faransé, kọ̀ èrò náà sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1728. Ní 1890 ni W. D. Miller ṣàlàyé pé àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí ni ó ń sọ ṣúgà àti ìyókù oúnjẹ di omi kíkan tí ó ń jẹ eyín. Kò sí ìdí láti pa ọ̀rọ̀ wa tì nítorí èyí, nítorí pé "kòkòrò" ni a ti ń pe àwọn ohun àìrí wọ̀nyí báyìí. Àlàyé ni kí a yí padà. Ẹni tí ó bá gbówó pé òun yóò yọ kòkòrò funfun jáde láti inú eyín ń tan ènìyàn jẹ.

Ní àwọn ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé kí a gba àwọn tí orín ti mọ́ lára níyànjú láti máa lò ó. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lò lè mú ìdọ̀tí kúrò bí oníbúrọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n fluor tí ó wà nínú ọṣẹ ìfọyín, tí ń mú eyín le, kò tó nínú igi. Bí a bá sì ń fi agbára gún orín, èrìgì yóò máa sá kúrò lára eyín. Ẹni tí ń lá ṣúgà ní gbogbo ìgbà kò lè fi orín kankan gba ara rẹ̀ là.

Ibi tí "fífọ ẹnu" ti fi ọ̀nà han "fífọ eyín" ni ọ̀rọ̀ noma, àrùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Láti inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹran tí ń jẹko. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà tí kò jẹun kánú ni ó sábà ń mú, pàápàá lẹ́yìn èéyi. Èrìgì ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe eyín: èrìgì yóò wú, yóò máa ṣẹ̀jẹ̀, ẹnu yóò máa rùn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò wú, yóò sì jẹrà. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, mẹ́sàn-án nínú ọmọ mẹ́wàá lè kú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, oògùn apakòkòrò, fífọ ẹnu àti oúnjẹ aṣaralóore lè dá a dúró. Ìyá tí ìwé kọ́ láti máa wo eyín nìkan kò ní rí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Èyí tí ó fọ ẹnu ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, tí ó sì gbé ètè rẹ̀ sókè wo èrìgì, yóò ti mọ̀ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú.