Charles Borromeo, Ọmọ Ọlọ́lá Tí Ó Di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, "Ìbí kò ju ìbí, bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ." Síbẹ̀, ayé a máa fi ipò fún ọmọ ilé ńlá kí ó tó ṣe ohunkóhun tí a lè torí rẹ̀ yìn ín. Kí ni ó yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi ọlá tí kò ṣiṣẹ́ fún ṣe? Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn Charles Borromeo.

Ní ọdún 1538 ni a bí i ní ilé olódi àwọn baba rẹ̀ ní Arona, lẹ́bàá adágún Maggiore ní ilẹ̀ Ítálì. Ìjòyè ni baba rẹ̀. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 12, wọ́n fi owó tí ń wọlé fún ilé àwọn mọ́ńkì kan sí ìkáwọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ọlọ́lá ìgbà náà. Ọmọ náà sì sọ fún baba rẹ̀ pé, bí a bá ti yọ owó ẹ̀kọ́ òun kúrò, ti àwọn tálákà ni ìyókù.

Ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Pavia. Ní òpin ọdún 1559 a yan arákùnrin ìyá rẹ̀ ní Póòpù, Pius kẹrin. Láìpẹ́, ní ọdún 1560, Póòpù sọ ọ́ di Kádínà ní ẹni ọdún 21, bẹ́ẹ̀ ni kò tí ì di àlùfáà. Kí a má fi bò: ẹbí ni ó gbé e dé ibẹ̀, irú àṣà yìí sì wà lára ohun tí ń ba Ìjọ Àgùdà jẹ́ nígbà náà.

Ní ọdún 1562, Federico ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú lójijì. Àwọn ẹbí rọ̀ ọ́ kí ó fi iṣẹ́ Ìjọ sílẹ̀, kí ó gbéyàwó, kí ilé baba rẹ̀ lè ní àrólé. Àwa tí a mọ bí ọ̀rọ̀ ẹbí ti wúwo tó mọ̀ pé ìdánwò ńlá ni èyí. Charles kọ̀; ní ọdún 1563 ó di àlùfáà.

Ní ọdún 1565 ó wọ Milan gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù àgbà. Ó tó nǹkan bí 80 ọdún tí ẹni tí ń jẹ oyè náà ti gbé inú ìlú gbẹ̀yìn. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí yóò di àlùfáà, ó sì mú kí a máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ìbáwí rẹ̀ bí àwọn kan nínú: ní ọdún 1569 ẹnìkan láti inú ẹgbẹ́ Humiliati yìnbọn sí i níbi tí ó gbé ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ọta náà kò pa á.

Ní ọdún 1576 àjàkálẹ̀-àrùn bẹ́ sílẹ̀ ní Milan. Gómìnà sá, ọ̀pọ̀ ọlọ́lá sá. Charles kọ ìwé ìhágún rẹ̀, ó sì dúró. Ó ń bẹ àwọn aláìsàn wò. Ó gé àwọn aṣọ ìkélé ààfin rẹ̀ láti fi dá ẹ̀wù fún àwọn tí ó wà ní ìhòòhò. Ó tẹ́ pẹpẹ sí ìgboro, kí àwọn tí a sé mọ́lé lè máa wo Mísà láti ojú fèrèsé.

A kò sọ pé kò ní àléébù. Ó le púpọ̀; ní ọdún 1583, nígbà ìbẹ̀wò rẹ̀ sí àfonífojì Mesolcina, a dáná sun àwọn obìnrin tí a fi ẹ̀sùn àjẹ́ kàn. Ẹni tí ó ṣàánú àwọn alárùn kò rí àánú fún wọn. Ìtàn kò gbọdọ̀ pa èyí mọ́.

Ó kú ní ọdún 1584, ní ẹni ọdún 46. Ní ọdún 1610 Ìjọ kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ọmọ ilé-ìwé, ẹbí ni ó fi Charles jẹ oyè, ṣùgbọ́n ẹbí kọ́ ni ó dá a dúró ní ìlú tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá kúrò. Ohun tí ó sọ ní ọmọ ọdún 12 ni ó ṣe ní ọdún 1576: ti àwọn tálákà ni ìyókù.