Takeda: Ilé Olódi Orí Ìkùukùu

Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ohun tí òwe yìí gbé pamọ́ sínú ni pé ọba ṣì wà, owó ṣì wà, àwọn ènìyàn tí yóò tún ilé náà kọ́ sì wà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ilé olówó orí mìíràn wà tí a fi sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tún kọ́ mọ́, tí ẹwà sì bù sí i síbẹ̀síbẹ̀. Irú rẹ̀ ni Takeda ní ilẹ̀ Jàpáànì. Láti ọdún 1600 ni olúwa rẹ̀ ìkẹyìn ti kú. Òrùlé kan kò sí níbẹ̀ mọ́, ilẹ̀kùn kan kò sí. Òkúta nìkan ló kù. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá gun òkè náà. Ohun tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ níhìn-ín ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ. Mo fẹ́ béèrè ohun tí òkúta wọ̀nyí lè sọ fún wa nípa ẹni tó ní kí a tò wọ́n, nípa àwọn tó rù wọ́n, àti nípa ẹjọ́ tí a dá fún ọkùnrin kan ní ìgbẹ̀yìn ogun.

Ìlú Asago, ní ìpínlẹ̀ Hyogo, ní apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Honshu, ni Takeda wà. Òkè tí a kọ́ ọ lé ga ní mítà 353.7 ju ojú òkun lọ. Ahoro náà gùn tó nǹkan bí 400 mítà láti àríwá sí gúúsù, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 100 mítà láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ará àtijọ́ a máa pè é ní Ilé Olódi Ẹkùn Tó Ba, nítorí pé bí a bá wò ó láti òkèèrè, ó jọ ẹkùn tó ba sílẹ̀ de ẹran. Odò Maruyama ń ṣàn kọjá ní ẹsẹ̀ òkè náà. Ní ìgbà ìwọ́wé, bí òru bá tutù tí ojú ọ̀run sì mọ́ kedere, omi odò a máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ lọ. Ooru tó ń gòkè láti inú omi náà a sì di ìkùukùu tí yóò kún àfonífojì bámúbámú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá dúró sí Ritsuunkyo, ní ẹ̀gbẹ́ òkè tó wà ní òdìkejì odò, yóò rí ògiri òkúta tó yọ jáde lókè funfun, bí ọkọ̀ tó dúró lórí agbami òwú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìkùukùu ni a fi tẹ ilé olódi dó sí orí òkè yìí. Ọ̀nà àti fàdákà ló fà á. Ilẹ̀ mẹ́ta, èyíinì ni Tajima, Harima àti Tanba, pààlà ní agbègbè náà, ẹni tó bá sì wà lórí òkè lè rí ọmọ ogun tó bá ń gba àfonífojì bọ̀. Ní ìhà gúúsù, ní Ikuno, ibi ìwakùsà fàdákà kan wà tí ìdílé Yamana, tó ń ṣàkóso Tajima, bẹ̀rẹ̀ sí í wà gidigidi ní ọdún 1542. A kò tì í pa títí di ọdún 1973. Níbi tí fàdákà bá wà, ogun kì í jìnnà síbẹ̀.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Yamana Sozen ló pàṣẹ kí a kọ́ ilé olódi náà ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, tí ó sì fi í lé ìdílé Otagaki lọ́wọ́. Sozen yìí kan náà ló wá di olórí ogun apá ìwọ̀-oòrùn nínú ogun Onin, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1467, tó sì sọ púpọ̀ nínú ìlú Kyoto di eérú. Ní ayé ìgbà náà, Takeda kò ní ògiri òkúta ńlá. Yàrà, òkìtì erùpẹ̀ àti ọgbà igi ni gbogbo agbára rẹ̀. Ní ọdún 1577, Hashiba Hideyoshi, tí Oda Nobunaga rán láti ṣẹ́gun apá ìwọ̀-oòrùn, kógun wọ Tajima, ó sì gba Takeda. Ó fi Hidenaga àbúrò rẹ̀ ṣọ́ ọ. Ní ọdún 1580, ogun wọn tún dé, ọ̀rọ̀ àwọn Yamana ní Tajima sì parí. Nígbà tó di ọdún 1585, tí Nobunaga ti kú, tí Hideyoshi sì ń di olórí gbogbo Jàpáànì, a fi Akamatsu Hirohide jẹ olúwa Takeda, a sì fún un ní ilẹ̀ tí a dá ìkórè rẹ̀ lé ní koku ìrẹsì 22,000. Koku kan ni ìwọ̀n ìrẹsì tí a gbà pé ó tó ẹnì kan jẹ fún odidi ọdún kan.

Èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé ní ìgbà Hirohide ni a to ògiri òkúta tí à ń wò lónìí. Ọ̀nà tí a gbà tò ó ni ti àwọn oníṣẹ́ òkúta Ano, abúlé kan ní ẹsẹ̀ òkè Hiei lẹ́bàá adágún Biwa. Wọn kì í gbẹ́ òkúta kó dán. Bí wọ́n ṣe bá a ni wọ́n ṣe ń lò ó. Wọn a wo ojú òkúta kọ̀ọ̀kan, wọn a wá ibi tó bá a mu, wọn a sì fi wẹ́wẹ́ dí àlàfo tó bá kù. Ní igun ògiri, wọn a fi òkúta gbọọrọ lélẹ̀ kí gígùn ọ̀kan kọjú sí ọ̀tún, kí gígùn èyí tó gùn ún kọjú sí òsì, kí wọ́n lè di ara wọn mú. Lẹ́yìn ògiri, wọn a da òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí omi òjò lè rí ọ̀nà jáde láìti ògiri ṣubú. Kò sí ohun àlẹ̀mọ́ kankan nínú rẹ̀. Òjò ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́rin ti rọ̀ lé e lórí, ó sì ṣì dúró.

Nígbà tí mo gun òkè náà, ohun tó kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú ni bí ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣe lọ tààrà. Ẹni tó bá wọ ẹnu ọ̀nà kan yóò bá ògiri pàdé níwájú rẹ̀. Ó di dandan kó yà, kó tún yà, kí ojú rẹ̀ tó là. Ọgbọ́n ogun ni. Ọ̀tá tó bá ń sáré yóò dẹsẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó wà lórí ògiri yóò sì rí i ta lọ́fà tàbí kí wọ́n yìnbọn lù ú. Láàárín gbùngbùn ni pèpéle òkúta tó ga jù lọ wà, níbi tí ilé ìṣọ́ dúró sí rí. Láti ibẹ̀ ni apá ahoro náà ti nà jáde bí ìyẹ́: ọ̀kan dé gbàgede tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ̀rún Ẹní ti Àríwá, èkejì dé Ẹgbẹ̀rún Ẹní ti Gúúsù. Ẹní kan kò sí níbẹ̀ mọ́, koríko ló wà. Bí a bá wo ìsàlẹ̀, a ó rí odò, ojú irin, òrùlé ilé, àti oko ìrẹsì.

Oko ìrẹsì yẹn ni kò jẹ́ kí n lè fi ẹnu mi yin ilé olódi náà nìkan. Àwọn ará Tajima ní ìtàn kan tí wọ́n ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ ilé olódi Takeda gba àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ oko tó bẹ́ẹ̀ tí igi páìnì fi hù nínú oko ìrẹsì wọn. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Omi ni a ń dá sí oko ìrẹsì lọ́dọọdún, igi páìnì kò sì lè hù nínú omi. Kí páìnì tó hù nínú irú oko bẹ́ẹ̀, oko náà ti gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọdún púpọ̀, tí kò sí ẹni tó fi ọkọ́ kàn án. Yálà igi náà hù ní tòótọ́ tàbí kò hù, ohun tí ìtàn náà ń sọ yé wa: ebi ni a fi kọ́ ògiri yìí.

Ta wá ni Hirohide, tí a ń sọ pé ó tò ó? A bí i ní ọdún 1562 sínú ìdílé Akamatsu tó ti lókìkí ní Harima tipẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó jẹ́ olúwa Tatsuno, nígbà tí Hideyoshi dé ní ọdún 1577 tí ó sì túúbá fún un. Láti ìgbà náà ló ti ń tẹ̀lé e. Nígbà tí Hideyoshi gbógun ti Kòríà ní ọdún 1592, Hirohide wà lára àwọn olúwa tó kó ọmọ ogun ré òkun kọjá. Bí ìtàn rẹ̀ bá parí síbẹ̀, à bá ní jagunjagun kan ṣá ni, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìwé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Fujiwara Seika, ẹni tó jẹ́ àlùfáà Búdà tẹ́lẹ̀ kó tó yíjú sí ẹ̀kọ́ Confucius. Ní ọdún 1597, nínú ogun kejì tí Hideyoshi gbé lọ sí Kòríà, àwọn ọmọ ogun Jàpáànì mú ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Kang Hang lẹ́rú pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kó o lọ sí Ozu ní erékùṣù Shikoku, lẹ́yìn náà wọ́n mú un wá sí Fushimi lẹ́bàá Kyoto. Níbẹ̀ ni Seika ti bá a pàdé. Hirohide sì náwó sí i kí Kang Hang àti àwọn òǹdè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi ọwọ́ da àwọn ìwé ńlá Confucius kọ, kí a lè fi kọ́ ẹ̀kọ́ ní Jàpáànì. Ní ọdún 1600, Kang Hang padà sí ilé. Nínú ìwé tó kọ nípa ìgbèkùn rẹ̀, díẹ̀ ni ohun rere tó rí sọ nípa àwọn olúwa Jàpáànì. Hirohide wà lára àwọn díẹ̀ tó yìn.

Ní ọdún 1600 yìí kan náà ni wàhálà dé. Hideyoshi ti kú ní ọdún 1598, àwọn olúwa ilẹ̀ sì pín sí méjì: apá kan tẹ̀lé Tokugawa Ieyasu láti ìlà-oòrùn, apá kejì dìde sí i láti ìwọ̀-oòrùn. Apá ìwọ̀-oòrùn ni Hirohide wà. Ó bá wọn dó ti ilé olódi Tanabe, níbi tí Hosokawa Yusai, arúgbó jagunjagun tó tún jẹ́ akéwì, ti ń fi nǹkan bí 500 ènìyàn kojú nǹkan bí 15,000. Ibi tí ogun náà parí sí ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn: olú-ọba ló dá sí i, nítorí pé ọwọ́ Yusai ni ìmọ̀ àṣírí ewì àtijọ́ wà, wọn kò sì fẹ́ kí ó bá a lọ sí ibojì. Nígbà tí apá ìwọ̀-oòrùn sì fìdí rẹmi ní Sekigahara, Hirohide yí padà. Ó bá Kamei Korenori, tó wà lọ́dọ̀ Ieyasu, lọ kọlu ilé olódi Tottori. Nínú ìjà náà ni a fi iná sun ìlú tó yí ilé olódi náà ká.

Ieyasu bínú sí iná yìí. Ó pàṣẹ pé kí Hirohide fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn jagunjagun, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Tottori ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá lórí kàlẹ́ńdà àtijọ́ wọn. Kò tíì pé ogójì ọdún. Ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé Kamei ló dábàá iná náà, tó sì di ẹ̀bi ru ẹnì kejì rẹ̀. Ohun tó dájú ni pé Hirohide kú, a sì fi ilẹ̀ kún ilẹ̀ Kamei. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó kọ́kọ́ ti apá ìwọ̀-oòrùn wá kò ní alágbàwí ní ààfin aṣẹ́gun. Seika kọ ewì ọ̀fọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ewì kò yí ẹjọ́ padà.

Ohun kan wà nínú èyí tí mo rò pé ó yẹ kí a dúró tì díẹ̀. Hayashi Razan, ọmọ ẹ̀kọ́ Seika, ló wá di olùdámọ̀ràn fún Ieyasu àti àwọn Tokugawa tó jẹ tẹ̀lé e, ẹ̀kọ́ Confucius sì di òpó pàtàkì nínú ìjọba wọn, tó pẹ́ ju 250 ọdún lọ. Ìjọba tó pa Hirohide jẹ nínú ẹ̀kọ́ tí Hirohide náwó sí. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí a torí èyí sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Ẹni tó ṣe ojú rere sí òǹdè Kòríà náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ogun lọ sí Kòríà. Ẹni tó fẹ́ràn ìwé ìwà rere náà ni a gbà pé ó ní kí a to ògiri tí àwọn àgbẹ̀ fi rántí ebi. Bí ó bá sì ṣe Kamei ló dá iná Tottori, àwọn tí ilé wọn jó kò béèrè ọwọ́ tó mú ògùṣọ̀. Ènìyàn kan ṣoṣo ni gbogbo èyí papọ̀ jẹ́, ìtàn tó bá mú ìdajì rẹ̀ sọ ti tan wá jẹ.

Lẹ́yìn ikú Hirohide, a pa Takeda tì. Kì í ṣe ọ̀tá ló wó o. Igi rẹ̀ lọ, òkúta dúró. Ní ọdún 1943, ìjọba Jàpáànì kà á mọ́ àwọn ibi ìtàn tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ní ọdún 1990, fíìmù ogun kan jáde tí a yà níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwòrán ìkùukùu tàn káàkiri, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ. Ní ọdún ìnáwó 2013, iye wọn ju ìdajì mílíọ̀nù lọ. Ẹsẹ̀ wọn fọ́ ilẹ̀ orí òkè náà, koríko kú, erùpẹ̀ ṣí, àwókù orí ilé àtijọ́ sì yọ síta. Ìlú Asago ní láti máa gba owó ìwọlé, kí ó tẹ́ nǹkan sí ojú ọ̀nà, kí ó sì dí àwọn ibòmíràn. Ohun tí ogun kò ṣe, ìfẹ́ ẹwà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é.

Ní ẹsẹ̀ òkè, nínú ọgbà tẹ́ḿpìlì Hojuji, ibi ìrántí Hirohide wà. Àwọn àgbẹ̀ tó ru òkúta gòkè kò ní ibi ìrántí kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn wà lára gbogbo òkúta tí ìkùukùu kò bò. Ó yẹ kí ẹni tó bá lọ wo Takeda mọ orúkọ olúwa náà, kí ó sì wo oko ìrẹsì ìsàlẹ̀ pẹ́ bí ó ti wo ògiri òkè.