Àkókó Igbó Òkè Obudu: Àyẹ̀wò Ohun Tí Àwọn Onímọ̀ Ti Kọ Nípa Campethera tullbergi

Ọmọ Yorùbá tó bá dàgbà sí oko mọ ìró àkókó lára igi gbígbẹ. Àwọn baba wa tilẹ̀ fi ẹyẹ náà pòwe mọ́ afọ́nnu: àkókó ní òun lè gbẹ́ odó, ta ló wá fi odó àkókó gúnyán rí? Àkókó igbó ilẹ̀ wa àti ti ọ̀dàn ni òwe yìí mọ̀. Òmíràn wà ní Nàìjíríà tí kì í sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, àfi kí ènìyàn gòkè lọ bá a. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Campethera tullbergi. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a yẹ ohun tí wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ wò, a sì fẹ́ fi hàn pé bí àgbáyé ṣe kà á sí ẹyẹ tí kò sí nínú ewu kò tó láti fi ọkàn wa balẹ̀ lórí ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ Nàìjíríà.

Yngve Sjöstedt, ọmọ ilẹ̀ Swídìn tó ṣe ìwádìí ẹranko àti kòkòrò ní Kamẹrúùnù láti 1890 sí 1892, ló kọ́kọ́ kọ nípa ẹyẹ yìí, ní 1892. Ó fi orúkọ rẹ̀ bu ọlá fún Tycho Tullberg, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Uppsala. Kò pẹ́ tí ìròyìn irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti apá ìlà-oòrùn Áfíríkà wá. Ní 1895, àwọn onímọ̀ ẹyẹ Reichenow àti Neumann kọ nípa èyí tí wọ́n pè ní taeniolaema. Ní 1900, Sharpe kọ nípa hausburgi, èyí tí orúkọ rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Hausburg tó bá arìnrìn-àjò Mackinder lọ sí Òkè Kẹ́ńyà ní 1899. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìwé ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọmọ ìyá kan náà.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Àwọn ti ìwọ̀-oòrùn wà lórí òkè Kamẹrúùnù, ní erékùṣù Bioko àti ní Obudu nílẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn ti ìlà-oòrùn wà lórí àwọn òkè ìlà-oòrùn Kóńgò, Rùwáńdà àti Ùgáńdà, títí dé Kẹ́ńyà. Igbó pẹ̀tẹ́lẹ̀ Kóńgò tó lọ salalu ló wà láàárín wọn, ẹyẹ yìí kò sì sí níbẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe pínyà? Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé nígbà láéláé, nígbà tí ayé tutù ju báyìí lọ, àwọn igi orí òkè sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, igbó òkè ibi púpọ̀ sì súnmọ́ ara wọn. Nígbà tí ooru padà dé, igbó náà gòkè lọ, àwọn ẹyẹ rẹ̀ sì bá a lọ. Láti ìgbà náà ni òkè kọ̀ọ̀kan ti di erékùṣù fún wọn.

Ẹyẹ náà kò tóbi, kò ju nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, àyà rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Tóótòòtó ló wà láyà àwọn ti ìwọ̀-oòrùn, ìlà tín-ín-rín ló wà láyà àwọn ti ìlà-oòrùn. Akọ àti abo ló ní pupa lẹ́yìn orí, ṣùgbọ́n pupa orí akọ pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń retí ìró gbígbẹ́ igi kí ó tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ yóò dúró pẹ́, nítorí kì í fi bẹ́ẹ̀ lu igi. Orí ẹ̀ka gíga tí ewé wẹ́wẹ́ tútù bò bí irun ló ti máa ń wá èèrà àti kòkòrò mìíràn, tí yóò máa ṣa wọ́n lára èèpo igi. Nígbà mìíràn, ó máa ń bá ọ̀wọ́ ẹyẹ oríṣiríṣi rìn. Irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ kì í sí lára igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn: igi àgbà tí kùrùkùru ń fọwọ́ bà léraléra ló ń ní in.

Àkókó mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ elliotii náà ń jẹun lórí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, Shelley sì ti dárúkọ ẹ̀yà rẹ̀ ti orí òkè, johnstoni, ní 1887. Ṣùgbọ́n elliotii ní ará nínú igbó pẹ̀tẹ́lẹ̀. Tullbergi kò ní.

Ẹni tó bá ti Ọjà Ńlá Onitsha, létí Odò Ọya, kọjú sí ìlà-oòrùn yóò rin ọ̀pọ̀ ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ kó tó dé Obanliku ní ìpínlẹ̀ Cross River, níbi tí òkè Obudu ti ga tó nǹkan bíi 1,600 mítà. Kò sí òkè tó ga tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, Ìdànrè pàápàá kò tó o. William Serle, dókítà ará Scotland, kọ nípa àwọn ẹyẹ ìlà-oòrùn Nàìjíríà nínú ìwé ìròyìn Ibis ní 1957. J. H. Elgood ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ ti Obudu lọ́tọ̀ nínú The Nigerian Field ní 1965. Títí di òní, ẹni tó fẹ́ mọ ẹyẹ òkè yìí kò lè fo iṣẹ́ àwọn méjèèjì.

Koríko ló gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ orí òkè náà. Láti 1951 ni wọ́n ti ń sin màlúù níbẹ̀. Igbó tó kù wà ní abala-abala nínú àfonífojì létí odò, ọ̀kan nínú wọn ni Becheve tí Nigerian Conservation Foundation ń mójú tó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, iná tí wọ́n ń ti bọ koríko á máa jẹ etí igbó wọlé díẹ̀díẹ̀, oko àti igi ìdáná náà kò sì jẹ́ kó sinmi. Bí ayé bá tún ń móoru sí i, igbó Kamẹrúùnù ṣì lè gòkè sí i, nítorí òkè ibẹ̀ ga ju 4,000 mítà lọ. Ti Obudu ti dé ṣóńṣó tirẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ipò tí àgbáyé fún ẹyẹ yìí kò kan Obudu. Iye tó wà ní Kẹ́ńyà kò lè dí àlàfo tí yóò ṣẹlẹ̀ níbí, nítorí ti Kẹ́ńyà kò lè fò dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀nà àbáyọ wà. Ní Ngel Nyaki lórí òkè Mambilla, níbi tí iṣẹ́ ìwádìí igbó òkè ti bẹ̀rẹ̀ ní 2004, wọ́n ń fi ọgbà dí màlúù lọ́nà, wọ́n sì ń la ilẹ̀ kí iná má bàa dé ibi tí igi ti ń hù padà. Ohun tí Obudu nílò nìyẹn. A sì rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹranko ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ APLORI ní Jos pé kí wọ́n gòkè Obudu, kí wọ́n ka àwọn àkókó náà ní abala igbó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa tún un kà lọ́dọọdún.