Ewé Ata Ń Pọ́n: Àìtó Oúnjẹ àti pH Nínú Ata Tí A Gbìn Sílé

Ata rodo ṣeé gbìn sínú ìkòkò ní Ìlú Ọba, létí fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ tàbí nínú ilé onígíláàsì. Oṣù Kejì tàbí Oṣù Kẹta ni a máa ń gbin irúgbìn rẹ̀, ó sì lè di Oṣù Kẹjọ tàbí Oṣù Kẹsàn-án kí ata tó pọ́n. Bí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà ní Oṣù Kẹfà, kò sí àyè láti gbin òmíràn kí òtútù tó dé. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a mọ ohun tó ń ṣe ewé kí a tó da ohunkóhun sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á fi kún ajílẹ̀. Nígbà mìíràn, oúnjẹ ti wà nínú erùpẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbòǹgbò ni kò rí i mu.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀: dúdú, pupa, pọ́n

Orúkọ àwọ̀ mẹ́ta ló jẹ́ ìpìlẹ̀ nínú èdè Yorùbá: funfun, dúdú àti pupa. Ewé tí ara rẹ̀ dá ni a ń pè ní ewé tó dúdú, tàbí ewé tó tutù yọ̀yọ̀. Bí dúdú náà bá ń ṣí kúrò lára rẹ̀, a ó ní ewé ń pọ́n, bí kò tilẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó yé ènìyàn dáadáa, ẹ lè sọ pé ó pupa rúsúrúsú, tàbí pé ó ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ yìí: "ata ti pọ́n" jẹ́ ìròyìn ayọ̀, "ewé ata ti pọ́n" kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo omi

Omi àpọ̀jù máa ń mú kí ewé pọ́n, nítorí pé gbòǹgbò náà nílò afẹ́fẹ́. Ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀ títí dé oríkèé àkọ́kọ́. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ má tíì bomi rin ín. Ẹ gbé ìkòkò náà wò pẹ̀lú: ìkòkò tó gbẹ máa ń fúyẹ́. Ẹ yí ewé dà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Bí omi kò bá pọ̀ jù, tí kò sì sí kòkòrò, ẹ lè wá bi ara yín nípa oúnjẹ.

Ewé ìsàlẹ̀ ni àbí ọ̀mùnú?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ọ̀mùnú ni ewé tuntun tó ń yọ lórí. Àwọn oúnjẹ kan wà tí ọ̀gbìn lè kó kúrò nínú ewé àgbà láti fi bọ́ ewé tuntun. Bí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ bá dín kù, ewé ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jìyà. Àwọn mìíràn kì í kúrò níbi tí wọ́n bá ti dé. Bí ìyẹn bá dín kù, ọ̀mùnú ni yóò fi hàn.

Bí ó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀:

- Náítírójìn: gbogbo ojú ewé pọ́n bákan náà, pẹ̀lú iṣan rẹ̀. Igi ata kò ga mọ́, ewé ìsàlẹ̀ sì ń já bọ́.
- Magnẹ́síọ̀mù: àárín iṣan pọ́n, ṣùgbọ́n iṣan fúnra rẹ̀ ṣì dúdú.
- Pọ̀tásíọ̀mù: etí ewé pọ́n, lẹ́yìn náà ó jó bí ìgbà tí iná rà á.
- Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì: ewé dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, ọ̀gbìn sì ràn. Òtútù máa ń fa èyí, nítorí gbòǹgbò kì í rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mu dáadáa nínú erùpẹ̀ tútù. Ẹ gbé ìkòkò síbi tó móoru kí ẹ tó ra nǹkan kan.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀mùnú:

- Irin: àárín iṣan pọ́n, iṣan sì dúdú. Ó jọ ti magnẹ́síọ̀mù gan-an. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ fi máa mọ ìyàtọ̀.
- Imí ọjọ́: gbogbo ọ̀mùnú pọ́n bákan náà, pẹ̀lú iṣan rẹ̀.
- Kálísíọ̀mù: ọ̀mùnú ká kò, ìdí èso ata tàbí tòmátò sì dúdú, ó rà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kálísíọ̀mù wà nínú erùpẹ̀; bíbomi rin ín lónìí púpọ̀, lọ́la rárá, ni kò jẹ́ kí ó dé inú èso.

Kí ni pH?

pH ni òǹkà tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 14, àárín rẹ̀ sì ni 7. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan, nítorí náà ó wà nísàlẹ̀ 7. Omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú wà ní òdìkejì, lókè 7. Ìgbésẹ̀ kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá: erùpẹ̀ tó wà ní 5 kan ju èyí tó wà ní 6 lọ ní ìlọ́po 10.

Ata àti tòmátò fẹ́ràn erùpẹ̀ tó kan díẹ̀, láti nǹkan bí 6.0 dé 6.8. Bí pH bá ga ju 7 lọ, irin kì í yòrò nínú omi mọ́, gbòǹgbò kò sì lè mu ohun tí kò yòrò. Máńgánísì àti síńkì náà á ṣòro láti rí. Bí pH bá wálẹ̀ jù, magnẹ́síọ̀mù, kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló máa ṣòro. Ó dà bí oúnjẹ tó wà nínú àpótí tí a ti pa: ẹni tó bá ń to àpótí mìíràn lé e kò tíì ṣí èyí tó wà níbẹ̀.

Omi ẹ̀rọ wà lára ohun tó ń fa èyí. Omi Lọ́ńdọ̀nù àti gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba inú òkúta ẹfun kọjá, ó sì ń kó ẹfun wá. Òun ló ń di ìpẹ́ funfun nínú kẹ́tùlù yín. Bí ẹ bá ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ bomi rin ìkòkò kékeré fún oṣù mélòó kan, pH erùpẹ̀ á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Omi Scotland àti ti Manchester kò ní ẹfun tó bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń wọn pH

1. Ẹ bu erùpẹ̀ láti àárín ìkòkò, kì í ṣe láti òkè.
2. Ẹ fi omi tí a ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò, irú èyí tí wọ́n ń tà fún áyọ́ọ̀nù, pò ó: erùpẹ̀ ife kan, omi ife méjì.
3. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú 30.
4. Ẹ ti ìwé pH bọ omi rẹ̀, kí ẹ sì fi àwọ̀ tó mú wá wé èyí tó wà lára páálí rẹ̀.

Àtúnṣe

*Bí pH bá dára, tí ewé ìsàlẹ̀ sì ń pọ́n:* ó lè jẹ́ pé ajílẹ̀ inú erùpẹ̀ tí ẹ rà ti tán. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ fún un ní ajílẹ̀ olómi, ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Fún magnẹ́síọ̀mù, ẹ po iyọ̀ Epsom gíráàmù 20 mọ́ omi lítà kan, kí ẹ fọ́n ọn sí ewé ní ìrọ̀lẹ́.

*Bí pH bá ga:* ẹ máa lo omi òjò. Ẹ lè fi ajílẹ̀ onírin tí wọ́n ṣe fún erùpẹ̀ ẹlẹ́fun kún un, tàbí kí ẹ pààrọ̀ erùpẹ̀. Imí ọjọ́ máa ń mú pH wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù mélòó kan, ata yín kò sì ní dúró.

*Bí pH bá wálẹ̀ jù:* ìyẹ̀fun ẹfun ọgbà díẹ̀ ló máa gbé e sókè. Ẹ wọn ọ́n padà kí ẹ tó fi kún un.

*Bí ṣóńṣó ewé bá jó, tí nǹkan funfun sì le mọ́ ojú erùpẹ̀:* ajílẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ da omi tó tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìkòkò náà gba inú rẹ̀ kọjá, kí ó sì ro dànù.

Ẹ ṣe àtúnṣe kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ewé ìsàlẹ̀ tó ti pọ́n kì í sábà dúdú padà. Ewé tó ń yọ lẹ́yìn àtúnṣe ni kí ẹ máa wò.

Ọ̀rọ̀ eérú

Bí ẹ bá bi àgbà nílé, ó lè ní kí ẹ da eérú sídìí ata. Ìmọ̀ràn náà ní ìdí. Eérú igi ní pọ̀tásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù, ó sì ń dín kíkan ilẹ̀ kù. Ilẹ̀ tí òjò ń fọ̀ lọ́dọọdún a máa kan, eérú sì máa ń bá a mu. Ṣùgbọ́n ìkòkò tó ti ń mu omi ẹlẹ́fun ní Lọ́ńdọ̀nù ti wà lápá eérú tẹ́lẹ̀, eérú á sì tún tì í síwájú. Àgbà kò ṣì í sọ. Ilẹ̀ mìíràn ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ sọ irú omi àti irú ilẹ̀ tí ẹ ní fún un kí ó tó dá yín lóhùn.

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lórí fóònù

— Ẹ káàsán mà, Màmá. Ewé ata tí ẹ fún mi ń pọ́n.

— Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Èwo ló ń pọ́n, ti ìsàlẹ̀ ni àbí ọ̀mùnú?

— Ọ̀mùnú ni, mà. Àmọ́ iṣan rẹ̀ ṣì dúdú.

— Má tíì bu ajílẹ̀ sí i o. Irú omi wo lo fi ń bomi rin ín?

— Omi ẹ̀rọ ni, mà. Ó máa ń fi ẹfun sínú kẹ́tùlù wa.

— Ṣé òjò kì í rọ̀ lọ́dọ̀ yín ni? Gbé báàfù síta.

Àwọn ọ̀rọ̀ láti rántí

- Ọ̀mùnú: ewé tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.
- Iṣan ewé: ìlà tí omi ń gbà kọjá nínú ewé.
- Ajílẹ̀: ohun tí a fi ń bọ́ ilẹ̀, ìbáà ṣe ìgbẹ́ ẹran tàbí èyí tí a rà.
- Ràn: kí nǹkan má dàgbà bó ṣe yẹ.
- Yòrò: kí nǹkan líle di ọ̀kan pẹ̀lú omi, bí iyọ̀ ṣe ń ṣe.