Ta La Kọ́kọ́ Bá Wí? Ọmọdébìnrin àti Ìgboro Èbúté Mẹ́ta

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ wí. Nínú ìtàn ọmọdébìnrin ní ìgboro Èkó, adìyẹ la kọ́kọ́ bá wí.

Ibi ààbò ni Èbúté Mẹ́ta jẹ́ fún ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó. Nígbà tí wọ́n lé àwọn onígbàgbọ́ kúrò ní Abẹ́òkúta nínú rògbòdìyàn Ìfọ́lé lọ́dún 1867, ibẹ̀ ni Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, ti fún wọn ní ilẹ̀. Nígbà tó yá, rélùwéè dé, èrò pọ̀ sí i. Ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà fún ìyá rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Ẹ̀kọ́ òwò ni.

Àmọ́ àwọn ọkùnrin kan ń dá àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́nà, wọ́n ń tàn wọ́n. Àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé Èkó pariwo rẹ̀, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Kí ni ìjọba amúnisìn ṣe? Wọ́n ṣe òfin àwọn ọmọdé ní 1943, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní Èkó ní 1946. Wọ́n fi òfin dí ìkiri ọjà lọ́wọ́, ọlọ́pàá sì ń mú ọmọ tòun ti igbá lórí. Àwọn ìyálọ́jà fárígá, nítorí oúnjẹ wà nínú igbá yẹn.

Ní Oṣù Kejìlá 2018, Damilola Marcus àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ́de lọ sí ọjà Yábàá, tí kò jìnnà sí Èbúté Mẹ́ta. Wọn ò ní kí ọmọbìnrin jókòó sílé. Ohun tí wọ́n ní ni pé kí ọkùnrin yé fọwọ́ kan obìnrin tó ń ra ọjà. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n akátá ni wọ́n dojú kọ lọ́tẹ̀ yìí.

Òfin Ìwà Ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ka irú ìfọwọ́kàn bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ òfin kì í dúró nídìí àtẹ. Ẹni tó wà níbẹ̀ ni kó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!"

Wọ́n ní ọjà Oyíngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Ọmọbìnrin tó ti pa ọ̀nà kan tì nítorí ìbẹ̀rù, ǹjẹ́ àwa tí a jọ ń gbé àdúgbò mọ̀ pé kò gba ibẹ̀ mọ́?