Ẹgbẹ́ Tó Ń Po Ẹrẹ̀: Bí Àwọn Baba Wa Ṣe Mọ Ilé ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

 Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí alukoro kọ nǹkan ìtàn sínú ìwé yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń retí ni ìtàn bí a ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìyẹn wà ní ojú ìwé mìíràn, pẹ̀lú fọ́tò. Ohun tí a fẹ́ sọ níbí ni iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa ń ṣe ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá kí ìwé ìdáwó tó dé, èyí tí í ṣe ilé kíkọ́.

Èdè wa ṣì rántí iṣẹ́ náà. Lónìí a máa ń sọ pé a kọ́ ilé, ṣùgbọ́n àwọn àgbà a máa sọ pé àwọn mọ ilé, gẹ́gẹ́ bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ ìkòkò. Mọlémọlé ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ náà. Bírìkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti ní òkè òkun kò rí i rí. Òjò á ti dá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ dúdú tó wà lókè kò wúlò, gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà ló kún inú rẹ̀. Wọ́n á kó o kúrò títí wọn á fi dé orí erùpẹ̀ pupa. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí ni wọ́n sábà máa ń wà á, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ agboolé àtijọ́ fi ní kòtò ńlá kan ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn obìnrin á pọn omi wá, wọ́n á dà á sí i, ẹrẹ̀ náà á sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì àwọn ọ̀dọ́ á bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ pò ó títí tí kò fi ní sí kókó níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ti po ẹrẹ̀ rí mọ̀ pé itan ló ń ro ènìyàn lálẹ́ ọjọ́ náà, kì í ṣe apá.

Lẹ́yìn náà wọ́n á bu ẹrẹ̀ ní ìṣù-ìṣù, wọ́n á máa jù ú látọwọ́ dé ọwọ́ títí dé ọ̀dọ̀ mọlémọlé, tí yóò máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìpele kan kì í ga púpọ̀. Bí wọ́n bá mọ ọ́n yíká ilé tán, ó di dandan kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó gbẹ, nítorí ẹrẹ̀ tútù kò lè ru ẹrẹ̀ tútù. Ilé kan lè gba odidi ẹ̀ẹ̀rùn báyìí. Wọ́n á fi igi líle ṣe àtẹ́rígbà, wọ́n á fi àdá ha ojú ògiri kó lè gún. Òrùlé ló kù: igi, ọparun, okùn igbó, àti koríko tàbí ewé gbòdògì. Wọ́n á jẹ́ kí òrùlé yọ síta dáadáa kí ọ̀wààrà òjò má baà kan ògiri. Àwọn obìnrin ló ń lu ilẹ̀ ilé, tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé pa á títí yóò fi máa dán. Àwọn náà ló sì ń rẹ́ ògiri nígbà tí ọdún bá yípo.

Kò sí ẹni tó ń gba owó iṣẹ́. Àáró ni ti ẹgbẹ́: lónìí a po ẹrẹ̀ fún Lágbájá, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a po ti Tàmẹ̀dò, títí yóò fi kárí. Ní ti ọ̀wẹ̀, ẹni tó ni iṣẹ́ ló ń bẹ ènìyàn, òun náà ló sì ń bọ́ wọn. Ọkọ ìyàwó a sì máa kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna. Ọmọ Abẹ́òkúta kan, N. A. Fádípẹ̀, kọ nípa méjèèjì nínú iṣẹ́ ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ìwé ní 1970. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ báǹkì nínú ẹgbẹ́ yìí máa ń rẹ́rìn-ín bí a bá ronú kan àáró. Owó yíyá náà ni, àfi pé ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń yá ara wọn. Kò ní èlé, kò ní fọ́ọ̀mù, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ tí kò san án, òun nìkan ni yóò po ẹrẹ̀ tirẹ̀.

Àwa Ẹ̀gbá kọ́ ló yẹ kí a fojú kéré àáró. Lísàbí Agbòǹgbò Àkàlà, tí gbogbo wa ń pe ara wa ní ọmọ rẹ̀, ẹgbẹ́ àáró ló dá sílẹ̀ láàrin àwọn àgbẹ̀ ní igbó Ẹ̀gbá nígbà tí àwọn ìlàrí Aláàfin ń fi ìyà jẹ wá. Àwọn tó ń bára wọn roko yìí ló di ọmọ ogun tó dìde sí àwọn ìlàrí, ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Kí a tó ní Abẹ́òkúta, a ti ní ẹgbẹ́.

Ní 1830 tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn baba wa kúrò ní Ìbàdàn wá sí abẹ́ Olúmọ, àpáta dáàbò bò wọ́n, ṣùgbọ́n inú ihò àpáta kò gba agboolé. Ìlú kọ̀ọ̀kan tí ogun ti tú ká fi orúkọ rẹ̀ àtijọ́ pe ibi tó tẹ̀ dó sí: Aké, Ìtòkò, Ìkìjà, Ìgbẹìn àti àwọn yòókù. Òwu dé ní bíi 1834. Gbogbo wọn ló bọ́ sínú ẹrẹ̀. Wọ́n mọ ilé, wọ́n sì mọ odi. Odi náà yí ìlú ká ní nǹkan bíi máìlì 18, pẹ̀lú yàrà níta rẹ̀. Kò sí sìmẹ́ǹtì kankan nínú rẹ̀.

Odi ẹrẹ̀ yìí wà lára ohun tó gbà wá ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, 1851. Àwọn Dàhọ̀mì ti mọ̀ pé odi ti ń wó ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn, ibẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ gbà wọlé lóru. Ìtàn sọ pé àwọn ará Ìṣàgá ló tàn wọ́n, tí wọ́n ní kí wọ́n wá ní ojú ọ̀sán, kí wọ́n sì gba apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ibẹ̀ gan-an ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún mọ. Dàhọ̀mì bá Ẹ̀gbá lórí odi, wọ́n sì padà pẹ̀lú ìtìjú. Ìṣàgá fi ara gbá a: Dàhọ̀mì pa á run ní 1862. Nígbà tí wọ́n tún kọlu Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹta 1864, ìtìjú náà ni wọ́n tún kó lọ. A máa ń pa ìtàn yìí láti fi yin akíkanjú, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: apá tí a pa tì ni ọ̀tá ń wá, apá tí a tún ṣe ló bá pàdé.

Àwọn Sàró tó bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé láti Sierra Leone láti 1839, àti àwọn ajíhìnrere bíi Henry Townsend tó dé ní oṣù Kìíní 1843, mú àṣà ilé mìíràn wọ̀lú. Nígbà tó yá, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ o: púpọ̀ nínú àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ẹ ń rí ní ìgboro, ẹrẹ̀ ló wà nínú wọn, ojú wọn ni wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Ní 1901 ọkọ̀ ojú irin tó gba Abẹ́òkúta kọjá láti Èkó dé Ìbàdàn, ó sì rọrùn láti kó páànù wá. Lójú tiwa, páànù ló kọ́kọ́ já okùn àáró. Gbogbo ẹgbẹ́ lè wọ igbó lọ já ewé gbòdògì, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń ra páànù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Ẹ̀gbá kàn fẹ́ràn iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí ìjọba ń fi tipátipá kó wọn ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà, tí owó orí sì tún dé, wọ́n gbé ìjà. Ogun Adùbí ti 1918 nìyẹn, tí wọ́n hú irin ojú ọ̀nà ọkọ̀ reluwé. Ọwọ́ tí a fi fún ẹgbẹ́ ẹni yàtọ̀ sí ọwọ́ tí a fi agbára gbà.

Sìmẹ́ǹtì ní tirẹ̀ wá bá wa nílé. Òkúta ẹfun wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Èwékorò, ilé iṣẹ́ West African Portland Cement sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1960. Láti ìgbà náà, ilé amọ̀ di ilé tálákà. Báǹkì kì í fẹ́ gbà á ní ìdógò. Ọwọ́ àwa gan-an ti kọ ọ́ sínú ìwé rí pé ilé kan kò níye lórí, ilé tí ìran mẹ́ta ń gbé inú rẹ̀ lọ́jọ́ tí a kọ ọ́.

Ní ọdún kẹrin ẹgbẹ́ wa, ògiri ilé bàbá ọ̀kan nínú wa tó ti di olóògbé wó lápá kan nínú òjò oṣù Kẹsàn-án. Ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ọmọ ló ń gbé ibẹ̀. A dáwó, owó sì pé láàrin ọ̀sẹ̀ kan. A fi búlọ́ọ̀kù dí ibi tó wó, a sì ní kí bírìkìlà fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ilé náà yíká kó lè jọjú. A ya fọ́tò. Òjò ọdún kejì kò tíì tán tí sìmẹ́ǹtì náà fi ń já bọ́ ní abala-abala. Omi ti wọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde, ẹrẹ̀ inú sì ti rọ̀. Ẹrẹ̀ a máa wú díẹ̀ bó bá mu omi, a sì máa súnkì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ǹtì kò lè bá a ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kó ya. Ògiri tí Màmá ti ń fi ẹrẹ̀ rẹ́ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, àwa la fi owó wa bà á jẹ́.

Bàbá mọlémọlé kan ní àdúgbò náà, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní kí a jókòó. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìnáwó. Mélòó nínú yín ló lè ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò wá po ẹrẹ̀?” A dákẹ́. Ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí òjò dá, àwa mọ́kànlá lọ ní Sátidé kan. Bàbá jókòó sórí àga, ó ń jágbe mọ́ wa bí ọmọ kékeré. Akápò wa yọ̀ ṣubú sínú ẹrẹ̀, aṣọ rẹ̀ kò sì funfun mọ́ títí dòní. A há sìmẹ́ǹtì kúrò, a fi ẹrẹ̀ rẹ́ ògiri, a sì mú òrùlé yọ síta sí i. Láfún àti ewédú ni Màmá fi bọ́ wa. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wa tó ti dé orílẹ̀-èdè Mali sọ fún wa nípa ìlú Djenné, níbi tí gbogbo ará ìlú ti máa ń jáde lọ́dọọdún láti fi ẹrẹ̀ rẹ́ mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n tún kọ́ ní 1907. Kò sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní ilé tálákà. Gbogbo ayé ló ti lọ wò ó rí. Nítòsí wa níbí, ní Ọ̀tà, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ilé àti ojú ọ̀nà ti ń fi ẹ̀rọ tẹ erùpẹ̀ pupa pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀ di bíríkì.

Bàbá mọlémọlé náà ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ilé náà ṣì dúró. Ògiri ẹ̀yìn nìkan ni a kò tíì fọwọ́ kàn, oṣù Kọkànlá ni a ó sì lọ rẹ́ ẹ. Akọ̀wé ló ń gba orúkọ. Títí di ìgbà tí a ń tẹ ìwé yìí, ènìyàn mẹ́sàn-án ló ti forúkọ sílẹ̀, akápò sì wà lára wọn.