Ọjọ́ Orí Nìkan Kọ́ Ló Ń Sọni Di Ọlọ́gbọ́n

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọjọ́ orí ni ọ̀pọ̀ ń fi òwe yìí wọ̀n. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a kò wọ̀ kì í gbó bọ̀rọ̀. Lílò ló ń sọ ọ́ di àkísà. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí bí ìrònú ọmọ ènìyàn ṣe ń dàgbà.

Ní Ìjagun, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí wọ́n dá Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Tai Solarin sílẹ̀ ní 2005, ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ yóò gbọ́ orúkọ méjì nínú àwọn onímọ̀ náà, Jean Piaget àti Lev Vygotsky. Ọdún 1896 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì.

Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ní ìpele mẹ́rin ni ìrònú ń gbà dàgbà, ọ̀kan kì í sì í fo èkejì. Da omi inú ife fífẹ̀ sínú ife tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga lójú ọmọ ọdún márùn-ún, yóò ní omi ti pọ̀ sí i. Nígbà tó bá tó bí ọmọ ọdún méje, yóò ní omi kan náà ni.

Vygotsky, ọmọ Rọ́ṣíà tó kú ní 1934, kò wo ohun tí ọmọ lè dá ṣe nìkan. Ó ní èyí tó lè ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá dúró tì í ló yẹ kí olùkọ́ máa lé, àti pé èdè ni irinṣẹ́ ìrònú.

Ta ló jàre? Patricia Greenfield, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọ ènìyàn, gbé ìdánwò omi Piaget yìí lọ bá àwọn ọmọ Wolof ní Sẹ̀nẹ̀gà. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1966. Àwọn kan tí kò lọ sílé ìwé ní omi ti yàtọ̀ nítorí pé àjèjì tó ń dán wọn wò ló dà á. Nígbà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dà á, púpọ̀ sí i nínú wọn ló ní kò yàtọ̀. Ní ti èdè, ní Ilé-Ifẹ̀, láti 1970, onímọ̀ ẹ̀kọ́ Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ta àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà yọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì kẹ̀yìn.

Òótọ́ ni Piaget sọ pé ohun gbogbo ló ní àsìkò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń ṣe é, èdè tó yé ọmọ àti ẹni tó dúró tì í ló ń mú àsìkò náà so èso. Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó sọ pé ọmọ kan kò tíì tó o mọ̀, ẹ gbé ife náà lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì fi èdè tó gbọ́ bi í.